Níbo ni ìmúrasílẹ̀ ti ń di àníyàn?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà níbí ni mo ti ń ta ẹ̀wà àti gàrí.

Bí ẹ̀wà bá ti pọ̀ lọ́jà, mo máa ń sá a dáadáa, màá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, màá dé e pinpin kí kòkòrò má baà rí afẹ́fẹ́ mí. Mo ń dá èésú, mo sì ń ya owó iléèwé sọ́tọ̀ kí sáà tó wọlé. Ọmọ Òṣómàáló ni mí, a kì í fowó ṣeré. Jósẹ́fù pàápàá kó ọkà jọ fún ọdún 7 ní Íjíbítì, ta ló pè é ní aláìnígbàgbọ́?

Òru ló ń dà mí láàmú. Lẹ́yìn àdúrà, dípò kí n sùn, ṣe ni mo tún máa ń dìde ka owó. Bí ọkọ mi bá ṣàìsàn ńkọ́? Bí ọjà bá kú ńkọ́? Àyà mi á máa já. Ọkọ mi ní kí n jáwọ́ nínú gbogbo ìfipamọ́, pé Mátíù 6:34 ní ká má ṣàníyàn nítorí ọ̀la. N kò gbà pé ohun tí Jésù ń sọ nìyẹn, àmọ́ ọkọ mi rí ojú mi láàárọ̀, kò purọ́ mọ́ mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú èyí kọjá, kí lẹ ṣe tí ọkàn yín fi balẹ̀ láìtú àká yín ká? Báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé fún bàbá àwọn ọmọ mi, tí kò fi ní rò pé mi ò fọkàn tán Ọlọ́run?