Mo fi ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nítorí àìlera: báwo ni mo ṣe lè wọ ilé-ìwé mìíràn?

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa ní Amẹ́ríkà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Maryland ni mo ń gbé. Mo wà ní sáà kejì ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí oyún mú kí ẹ̀jẹ̀ mi ru gan-an, dókítà sì ní kí n lọ sinmi sílé. Mo kọ̀wé fi ilé-ìwé sílẹ̀. N kò fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì kankan, àmọ́ "W" (ìyẹn "withdrawn", pé mo fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀) ló wà níwájú wọn lórí transcript mi, ìwé èsì ẹ̀kọ́ mi, báyìí, "W" kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé àìsàn ni.

Ara mi ti yá, ọmọ ti ń rìn, ọkàn mi ò sì kúrò lórí iṣẹ́ yìí. Ilé-ìwé tuntun tí mo fẹ́ ń béèrè lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka nọ́ọ̀sì tí mo ti kúrò, pé mi ò ní ẹ̀sùn lọ́rùn. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ mi ti fiṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ta ni kí n lọ bá?

Àǹtí mi ní kí n má dárúkọ ilé-ìwé àkọ́kọ́ rárá. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n fẹ́ fà lé mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú àlàyé mi, ṣé kí n sọ ti oyún àti ẹ̀jẹ̀ ríru, àbí kí n kàn ní "ìlera"? Ṣé kí n fi ìwé dókítà kún un?

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́kọ́ ṣe LPN (nọ́ọ̀sì tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kúrú) kí ẹ tó di RN (nọ́ọ̀sì tí ipò rẹ̀ ga ju ti LPN lọ), ṣé ọ̀nà yẹn rọ abiyamọ lọ́rùn jù?