Màmá àgbà mi ń sọ Ukaan, ṣùgbọ́n bí mo bá ti yọ fóònù, Yorùbá ni wọ́n ń sọ

Aránṣọ_Agége:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa gbígba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ẹ dákun, ẹ gbà mí.

Auga Àkókó ni wọ́n ti bí màmá mi, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ààlà Ẹdó ti sún mọ́ wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá mi. Agége ni wọ́n bí èmi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ránṣọ jẹun. Yorùbá la ń sọ nílé wa, àfi tí màmá mi bá ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n wọn sọ ohun tí wọn ò fẹ́ ká gbọ́ lórí fóònù. Ìgbà yẹn ni èdè kejì máa ń jáde. Mo dàgbà tí mo ń rò pé èdè àṣírí ni, pé nítorí àwa ọmọ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Mo ti lé lógún ọdún kí n tó mọ̀ pé Auga nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́, pé Ikakumo, Ise àti Ayanran náà ń sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ìlú kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ukaan ni àwọn onímọ̀ èdè ń pe gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Kì í sì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá rárá, bí àwọn ará Èkó ṣe máa ń rò pé gbogbo ohun tí ará Àkókó bá ti sọ, Yorùbá tó wọ́ ni.

Màmá tó bí màmá mi ṣì wà láyé. Ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àmọ́ ẹnu wọn mú bí abẹ. Lọ́dún Àjíǹde tó kọjá, mo gbéra, mo ní mo fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo gbé fóònù síwájú wọn lórí àpótí, mo ní, "Màmá, ẹ sọ bí ẹ ṣe ń dáko nígbà tí ẹ wà lọ́mọge, ẹ sọ ọ́ ní èdè wa." Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọ́n tún gèlè wọn wé. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa."

Yorùbá! Yorùbá bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn.

Mo dá wọn dúró, mo tún ṣàlàyé, a tún bẹ̀rẹ̀. Yorùbá náà ni. Ìgbà tí mo pa fóònù tán, tí ewúrẹ́ yọ́ wọ ilé ìdáná, ni wọ́n wá fi Ukaan lé e jáde, gbólóhùn gígùn kan tó dùn bí ẹni ń kọrin. Fóònù ti wà nínú àpò.

Ìwọ̀nba tí mo rí gbà, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí WhatsApp. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, fóònù mi já sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Ti WhatsApp yẹn nìkan ló kù, ó sì ń dún bí ẹni tó fi ìrọ̀rí bo ẹnu.

Mo tún gbìyànjú láti kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà Yorùbá ni mo lò. Mo kọ ọ̀rọ̀ méjì, mo fi "i" sínú méjèèjì, màmá mi ní rárá, "i" ti èkejì kọ́ nìyẹn. Wọ́n pè é fún mi lẹ́ẹ̀mẹfà. Létí tèmi, ọ̀kan náà ni.

Kí ni kí n ṣe? Ẹ má sọ pé kí n lọ yunifásítì o. Aṣọ ẹbí ogójì ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ rán.

Akẹ́kọ̀ọ́_Akùngbá:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ má bá Màmá wí. Ohun méjì ló fà á. Àkọ́kọ́, létí wọn, Yorùbá ni èdè ohun tó bá ti ní ẹ̀rọ nínú. Yorùbá ni wọ́n fi gba ìgbàgbọ́ lágbègbè wa. Odindi Bíbélì Yorùbá ti jáde láti ọdún 1884, òun ni àwọn oníwàásù gbé wá, òun náà la fi ń kàwé, òun la fi ń gbọ́ rédíò. Ta ló gbọ́ Ukaan nínú rédíò rí? Èkejì, ẹ má bínú, ẹ̀yin gan-an ni. Wọ́n mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ ọ. Àgbà tó ní làákàyè kò ní jókòó ti àlejò kó máa fọ èdè tí àlejò ò gbọ́. Ojúure ni wọ́n ń ṣe yín.

Nítorí náà, ẹ yẹra fún wọn. Ẹ wá àgbà mìíràn tí wọ́n jọ ń sọ ọ́, ẹ fún wọn níṣẹ́ tí wọ́n á jọ máa ṣe, ẹ gbé fóònù síbẹ̀, kí ẹ lọ ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ẹ fẹ́ gba ohùn wọn o. A kì í jí ohùn àgbà gbà.

Ní ti fóònù: ẹ wá áàpù tó ń gba ohùn ní WAV, tí kì í fún ohùn mọ́lẹ̀, kì í ṣe MP3. Ẹ fi sí 44.1 kHz àti 16 bit, ó kéré tán. Ẹ fi fóònù sí flight mode kí ẹnì kan má baà pè yín láàárín. Ẹ má gbé e lé orí tábìlì lásán, gbogbo bí wọ́n bá ṣe ń fọwọ́ kan tábìlì ló máa wọ inú rẹ̀. Ẹ ká ìró aṣọ sí abẹ́ rẹ̀. Máíìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ dára ju ti inú fóònù lọ. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ẹ fi í sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ẹ sọ ọjọ́, ìlú, àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sínú rẹ̀. WhatsApp máa ń fún ohùn mọ́lẹ̀ kó lè kéré. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document. Lẹ́yìn náà, ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan lórí fóònù, ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà tàbí fúláàṣì, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí bọ́kẹ́ẹ̀tì yín kò lè dé.

Ní ti "i" yẹn, màmá yín ló tọ̀nà. Ẹ má jà á. Ẹ fi àmì kan sábẹ́ èkejì, àmì yòówù, kí ẹ ṣáà máa lo ọ̀kan náà nígbà gbogbo. Ohùn tí ẹ gbà ni ẹ̀rí; ẹni tí etí rẹ̀ mú jù yóò tún ti ìwé ṣe lọ́jọ́ mìíràn.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ pé nǹkan pọ̀, "àwọn" la ń fi síwájú. Nínú Ukaan, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an ló máa ń yí padà, ọ̀rọ̀ tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà á sì yí láti bá a mu. Bí ẹ bá kàn béèrè "kí là ń pe igi?" tí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ìdajì lẹ rí. Ẹ béèrè igi kan, ẹ béèrè igi púpọ̀, ẹ tún béèrè "igi yìí ga", "àwọn igi yìí ga".

Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ lọ gbọ́ ohun tó ti wà nílẹ̀. Sophie Salffner ṣiṣẹ́ lórí Ikaan, ìyẹn ti Ikakumo, ó fi ohùn inú èdè náà gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì SOAS ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2009. Àwọn ohùn tó gbà wà ní Endangered Languages Archive, níbi tí wọ́n ń kó ohùn àwọn èdè tó fẹ́ kú pamọ́ sí. Lọ́ńdọ̀nù ni ibi ìkówèépamọ́ náà wà tẹ́lẹ̀, ó ti kó lọ sí Berlin ní Jámánì láti 2021, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ máa ti rí i. Ẹ gbé e fún Màmá gbọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ èdè wọn jáde nínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ "ẹ̀yin olùgbọ́ wa" yẹn lè yí padà.

Jẹ́nsọ̀rọ̀:

Kí ẹ má bínú sí mi o. Òyìnbó ń lé Yorùbá fúnra rẹ̀ kiri, àwọn ọmọ wa ò lè kà dé ogún, ẹ wá ń wá èdè abúlé mẹ́rin. Ṣé kì í ṣe Yorùbá ló yẹ ká kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ ni?

Bàbá_Àjọwà:

Jẹ́nsọ̀rọ̀, mo gbọ́ ẹ. Ohun tí àwọn Òyìnbó ń sọ nípa Yorùbá gan-an lo sọ nípa wa yẹn, o kàn pààrọ̀ ẹni tó ń sọ ọ́ ni.

Ọmọ mi aránṣọ, èmi ọmọ Àjọwà ni, a ò jìnnà sí yín. Ìlú wa kì í ṣe ìlú kan tẹ́lẹ̀. Àwọn ìlú kéékèèké ló kó wá sójú kan kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, kí wọ́n lè rí ọ̀nà àti ilé ìwé. Daja àti Esuku ń sọ Akpes, èyí tí àwọn kan ń pè ní Àbèsàbèsì. Ojo àti Uro ń sọ tiwọn, ẹbí èdè Arigidi nìyẹn. Àwọn yòókù náà ní tiwọn. Èdè wo la fẹ́ máa fi ṣèpàdé? Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ti ẹnì kejì. Yorùbá kò sí nínú ìjà wa, la bá mú un. Wo orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀: A-jọ-wà. Yorùbá ni. Kò sẹ́ni tó fi ẹgba lé wa o. Àlàáfíà la fi gba èdè ẹlòmíràn, àwọn ọmọ tí wọ́n sì bí sínú àlàáfíà yẹn ni kò gbọ́ tiwa mọ́.

Ìjọba ńkọ́? Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 55, èdè mẹ́ta ló dárúkọ lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábújá: Haúsá, Ígbò, Yorùbá. Ní 2022 wọ́n ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní pámárì. Inú mi dùn títí mo fi béèrè lọ́wọ́ ara mi pé ìwé wo ni olùkọ́ Daja máa gbé dání. Ní 2025, wọ́n ní àwọn ti fagi lé e, ká padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Kò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa kó tó kú.

Ìmọ̀ràn kan: ohun tó jẹ́ ti awo, tàbí ti eégún, tí wọ́n bá ní kí o pa á, pa á, má béèrè ìdí.

ỌmọÒgù_Àgbádárìgì:

Mo wá kí yín láti etí omi. Òfin mi kan ṣoṣo ni pé kí ẹ má pè wá ní Ẹ̀gùn. Ògù là ń jẹ́.

Tiwa sàn ju tiyín lọ díẹ̀, nítorí a ní ará ní Àjàṣẹ́, lódì kejì ààlà, wọ́n sì ń kọ ọ́. Ìyẹn náà tún ní wàhálà tiẹ̀. ɛ àti ɔ ni wọ́n ń kọ lọ́hùn-ún, ẹ àti ọ ni àwa ń kọ níbí, ìyá mi mú ìwé Àjàṣẹ́ dání, ó ní òun ò mọ ohun tí wọ́n kọ. Mo kà á sókè fún un, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́.

Mo kọ́kọ́ lo ìwé ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ igba, "ojú, imú, omi, iná". Ó sú bàbá mi nígbà tá a dé orí ogójì. Lọ́jọ́ kejì mo tẹ̀ lé e wọ ọkọ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe, mo kàn ń béèrè "kí lẹ ṣe yẹn?" Orúkọ oríṣi àwọ̀n, orúkọ okùn ìsàlẹ̀ àti ti òkè, ọ̀rọ̀ kan fún omi tó ń padà bọ̀ láti òkun tí n kò gbọ́ rí láyé mi. Kò sí ìkankan nínú wọn nínú ìwé ìbéèrè yẹn. Màmá àgbà yín ò ṣe nǹkan kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá iṣẹ́ fún wọn.

Aránṣọ_Agége:

Mo ti dé o! Mo tún lọ ilé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Oníbàárà mi kan ń bínú, àmọ́ ẹ jẹ́ ó máa bínú lọ.

Mo kọ́kọ́ gbé ohùn ti Ikakumo yẹn fún Màmá gbọ́. Wọ́n tẹ́tí. Wọ́n ní, "Ará Ikakumo nìyẹn," wọ́n wá ń ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí olùkọ́, pé àwọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ l'Áuga. Mo kàn jókòó.

Mo ra ẹ̀gúsí tí wọn ò tíì bó, mo ní mo fẹ́ gbé e lọ sí Èkó. Mo bẹ ọ̀rẹ́ wọn kan tí ilé wọn ò jìnnà, wọ́n wá. Mo ṣàlàyé fún àwọn méjèèjì, wọ́n ní kò burú, kí n ṣáà gbé fóònù síbi tí àwọn ò ti ní máa rí i. Mo fi ìró tí mo ká sí abẹ́ rẹ̀, mo há máíìkì mọ́ etí àwo, mo bọ́ sí ìta.

Ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta! Yorùbá inú rẹ̀ ò ju "jẹ́nẹ́rétọ̀" àti iye owó epo lọ. Ohùn ẹ̀gúsí ń ṣe kẹ́-kẹ́-kẹ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Ẹ̀dà mẹ́ta ti wà. Mo gbé e fún màmá mi l'Ágége kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi, mo ń kọ ọ́ síwájú wọn, ó ń lọ dáadáa. A dé ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gbọ̀n, àwọn àgbà méjèèjì rẹ́rìn-ín débi tí ọ̀kan fi ń wúkọ́. Màmá mi fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní, "Mi ò ní túmọ̀ ìyẹn." Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀. Ohun tí mo rí gbọ́ kò ju pé ẹnì kan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni náà ṣì wà láyé, ó sì ń gbé ládùúgbò yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, ṣé kí n gé ibẹ̀ kúrò? Létí mi, ibẹ̀ ni Ukaan ti dùn jù.

Akẹ́kọ̀ọ́_Akùngbá:

Ẹ má gé e kúrò nínú odindi o. Ẹ pa odindi mọ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ ṣe ẹ̀dà mìíràn tí ẹ máa gé, ìyẹn ni kí ará ìta gbọ́. Ẹ tún padà bi àwọn méjèèjì bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ibẹ̀ láéláé.

Bàbá_Àjọwà:

Òótọ́ ló sọ. Ọmọ mi, ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ná?