Ọtí inú ọ̀rá tó kù nílẹ̀: ṣé ọjọ́ tí gbèdéke bá pé gan-an ni NAFDAC á wọ ṣọ́ọ̀bù?

Ìyá Ọlọ́tí, Ìbàdàn (17 oṣù Kọkànlá 2025)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ọtí ni mò ń tà nítòsí gaàréèjì Ìwó Road. Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn oníparaga àti àwọn tó ń kiri láàárín ọkọ̀ ti ń gbé ọjà. Nínú gbogbo ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ti inú ọ̀rá yìí ló ń yá jù. Bíà lè sùn di ọjọ́ kẹta, ọtí inú ọ̀rá kì í sùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ lórí rédíò pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye, ọ̀gá NAFDAC, àjọ tó ń mójútó oúnjẹ àti oògùn, ní kò sí àfikún ọjọ́ mọ́ lórí òfin tó de ọtí inú ọ̀rá, ó di 31 oṣù Kejìlá ọdún yìí kó tán nílẹ̀. Àwọn sẹ́nétọ̀ náà ti sọ ohun kan náà ṣáájú rẹ̀. Kò ju ọjọ́ kejì lọ tí ọmọkùnrin tó ń já ọjà fún mi láti ilé-iṣẹ́ fi dé, ẹ̀rín ló ń rín: "Mọ̀mí, ẹ gba ogún páálí, méjì lọ́fẹ̀ẹ́ ni." Láti ọjọ́ tí mo ti ń bá wọn ṣe, ẹnikẹ́ni ò fún mi ní páálí ọ̀fẹ́ rí. Mo ní kó lọ ná, kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Ṣé ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún tuntun ni wọ́n á ti máa kó ọjà ní ṣọ́ọ̀bù? Èyí tó ní nọ́ḿbà NAFDAC lára, tí ọjọ́ ìparun rẹ̀ ò sì tíì pé, ṣé wọ́n lè kó o? Ta ló máa ru gbèsè èyí tó bá ṣẹ́kù, èmi ni àbí ilé-iṣẹ́? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó bá mi dá sí i. Ẹ má wàásù ọtí fún mi o, mo ti ń gbọ́ ìyẹn lẹ́nu pásítọ̀ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọmọ Mushin

Mọ̀mí, ẹ gba ogún páálí yẹn kíákíá! Ṣé ẹ ti gbàgbé 2024 ni? Wọ́n ní 31 oṣù Kìn-ín-ní, ó pé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé-iṣẹ́ pa. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé pátákó lọ síwájú ọ́fíìsì NAFDAC ní Èkó níbí, àwọn aṣojú-ṣòfin dá sí i, ó padà di ọdún mìíràn. Àwa tí ọjà wà lọ́wọ́ wa nígbà yẹn, a jẹun. Gbèdéke ìjọba, ó máa ń ní ọmọ.

Akọ̀wé Ọjà, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ọjà, Mọ̀mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn tó ń ṣe àgbo, ọṣẹ àti ọtí bítà kéékèèké forúkọ ọjà wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC. Ìwé ni mò ń bá ṣe, n kì í ṣe ọlọ́pàá, mi ò sì ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bí mo ṣe rí i láti ìhà ìwé, torí ibi tí gbogbo wa dojú kọ kọ́ ni iṣẹ́ wọn ti ń lọ.

A máa ń rò pé ọjọ́ tí gbèdéke bá pé ni òfin máa ń jí. Èyí ò sùn láti oṣù Kejìlá 2018. Nígbà náà ni ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀, NAFDAC àti àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí a mọ̀ sí FCCPC lónìí, jókòó pẹ̀lú DIBAN, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọtí líle, àti AFBTE, ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ oúnjẹ, ohun mímu àti tábà. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi sínú àdéhùn. Àwọn tó ń ṣe é gbà pé àwọn á dín ohun tí àwọn ń ṣe kù sí ìdajì bẹ̀rẹ̀ láti 31 oṣù Kìn-ín-ní 2020, kó sì tán pátápátá ní 31 oṣù Kìn-ín-ní 2024.

Ṣùgbọ́n ìdajì yẹn kọ́ ló ká àwọn tí mò ń bá ṣe iṣẹ́ lára. Ta ló fẹ́ dúró lẹ́nu ẹ̀rọ kó máa ka ọ̀rá? Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ló ká wọn lára. Ọdún márùn-ún ni nọ́ḿbà NAFDAC máa ń ní, kí èèyàn tó lọ tún un ṣe. Lórí ọtí inú ọ̀rá àti ti ìgò kékeré, NAFDAC kọ́kọ́ dáwọ́ dúró pé òun ò forúkọ tuntun sílẹ̀ mọ́. Ẹni tó sì ti ní nọ́ḿbà tẹ́lẹ̀, tó wá tún un ṣe, wọn ò fún un ní ọdún márùn-ún mọ́. Ìgbà yòówù kó wá, ìwé rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá 2024. Ẹ rò ó wò: kò sí mọ́tò NAFDAC kan lójú títì, kò sí páálí kan tí wọ́n gbé, síbẹ̀ gbogbo ìwé tó wà nílùú ń rìn lọ síbi ọjọ́ kan ṣoṣo. Èmi rí i pé ọgbọ́n ni. Bí ọjọ́ bá pé, àjọ ò ní máa bá ẹnikẹ́ni jà lórí pé "mo ṣì ní ìwé." Kò sẹ́ni tó ní.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ọjọ́ ìparun tó wà lára ọ̀rá yẹn kò gbà yín. Ìgbà tí ọtí fúnra rẹ̀ máa bàjẹ́ ló ń sọ. Ọjọ́ tí àṣẹ àtità máa parí, inú fáìlì ló wà, kò sí lára ọ̀rá. Ọ̀rá lè sọ pé 2027, kí àṣẹ ti kú lọ́dún méjì ṣáájú.

Ní ti pé ṣé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa kọ́kọ́ dé, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì 2024. Wọ́n kéde pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù náà, àwọn ò ní gbojú fo ohunkóhun. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, wọ́n bá àwọn kan tí ẹ̀rọ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n lọ, torí àwọn tó ní ẹ̀rọ ò pọ̀, àdírẹ́sì wọn sì wà nínú ìwé. Àwa tí à ń tà pọ̀ bí eéṣú. Nítorí náà wọ́n lè má kàn yín lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Àmọ́ kí ọwọ́ má tíì kàn yín kò sọ ọ́ di ohun tó tọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá sì yà sí Ìwó Road, "mi ò gbọ́" ò ní wúlò lẹ́yìn ọdún méje.

Ìbéèrè kẹta yín ló le jù, ibẹ̀ sì ni mo ti bínú sí ètò náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n dá. Ọjọ́ tí wọn ò gbọdọ̀ ṣe é mọ́ àti ọjọ́ tí a ò gbọdọ̀ tà á mọ́ di ọ̀kan náà. Ilé-iṣẹ́ lè lẹ ọ̀rá títí di alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, kí ó já gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀yin, kí ó sì pa ilẹ̀kùn. Owó ti wọlé fún un, ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú páálí. Ẹ ti wá mọ ohun tí ọmọkùnrin yẹn ń rẹ́rìn-ín sí.

Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ èmi: màá ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, lórí ìwé ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀, pé èyí tó bá ṣẹ́kù ní 31 oṣù Kejìlá, àwọn á gbà á padà, wọ́n á sì dá owó yín padà. Tó bá fọwọ́ sí i, ẹ gba ọgbọ̀n páálí. Tí kò bá fọwọ́ sí i, ẹ ra èyí tí ẹ lè tà tán lọ́sẹ̀ kan. Ẹ má sì sá kúrò nínú ọ̀rá bọ́ sínú ìgò kékeré o: gbogbo ike àti ìgò tí kò tó 200ml wà nínú òfin kan náà. Àìmọye èèyàn ni kò mọ ìyẹn.

Àbúrò mi Mushin, o ò parọ́. Mínísítà ètò ìlera sún un di oṣù Kejìlá 2025, wọ́n ní kí àwọn oníléeṣẹ́ ráyè tún ẹ̀rọ wọn tò. Àmọ́ bi ara rẹ léèrè ta ni ìsúnsíwájú yẹn dùn mọ́. Ẹni tó ti gba àdéhùn 2018 gbọ́, tó yá owó ra ẹ̀rọ onígò, ọjà tirẹ̀ ló wọ́n jù lórí àtẹ báyìí. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ló ń tà wàràwàrà. Tí wọ́n bá tún sún un lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí oníléeṣẹ́ tó máa gbà wọ́n gbọ́ lórí òfin mìíràn, ìbáà jẹ́ lórí ọ̀rá pure water.

Ará Ìjẹ̀bú ní Peckham

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ti sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ti ibí gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní London. Nígbà tí wọ́n sọ pé gbogbo páálí sìgá gbọ́dọ̀ di aláwọ̀ kan náà láìsí lógò ilé-iṣẹ́ kankan, ọjọ́ méjì ni wọ́n dá. Láti 20 oṣù Karùn-ún 2016, ilé-iṣẹ́ ò gbọdọ̀ ṣe ti àtijọ́ mọ́. Àwa tí à ń tà ní títí di 20 oṣù Karùn-ún 2017 láti ta èyí tó wà nílẹ̀ tán. Odindi ọdún kan. Nígbà tí ọdún yẹn fi parí, páálí àtijọ́ ti tán fúnra rẹ̀.

Ti sìgá oníná mànàmáná alálòdànù, ìyẹn vape, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ni, 1 oṣù Kẹfà 2025. Wọ́n kọ́kọ́ dá a sí oṣù Kẹrin, wọ́n sún un ní oṣù méjì, wọ́n sì kéde ìyẹn tipẹ́ kó tó pé. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kí ẹ kó o pamọ́ láti tà pàápàá ti di ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní kí a ya ìyókù sọ́tọ̀, kí a kọ ọ́ sí i lára pé kì í ṣe títà, kí a fi ránṣẹ́ fún àwọn tó ń tún ìdọ̀tí lò. Àwọn Trading Standards láti káńsù ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní England níbí, owó ìtanràn £200 ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó bá ṣe é léraléra lè dé ẹ̀wọ̀n. Alájàpá kan tó máa ń já ọjà fún wa náà gbé ẹ̀dínwó dé ní oṣù Kẹrin. Ẹ̀dínwó tó bá ṣáájú gbèdéke, mo máa ń fura sí i.

Ìyá Ọlọ́tí, Ìbàdàn (22 oṣù Kọkànlá)

Ẹ ṣé gan-an ni. Ọmọkùnrin náà dé lánàá. Mo ní kó fọwọ́ sí ìwé. Ó ní òun máa pe ọ̀gá òun, ó jáde síta lọ fóònù, ó padà wọlé pé ọ̀gá òun wà nínú mítíǹgì. Mo gba páálí mẹ́rin, mo sì sanwó mẹ́rin. Mo ti ń fi 200ml sí iwájú àtẹ báyìí, àmọ́ àwọn onímọ́tò ń kùn pé owó rẹ̀ pọ̀. Àwọn méjì, mẹ́ta ti ń dá a jọ, wọ́n á sì pín in mu. Ìyẹn gan-an, mi ò mọ̀ bóyá ó dín ọtí kù.

Ọmọ Mushin (18 oṣù Kejìlá)

Mọ̀mí! Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé! Ẹ ti gbọ́? Ọ́fíìsì Akọ̀wé Ìjọba Àpapọ̀ ti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n dáwọ́ dúró ná, kí ẹnikẹ́ni má fipá mú òfin náà ṣẹ títí wọ́n á fi jíròrò tán. Kí ni mo wí?

Akọ̀wé Ọjà, Abẹ́òkúta

Mo ti kà á. O wí i, ó sì ṣẹ, mi ò ní bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n ka lẹ́tà náà dáadáa: wọ́n ní kí ọwọ́ dúró, wọn ò ní òfin ti kú. Ìpinnu àwọn sẹ́nétọ̀ ṣì wà níbẹ̀, lẹ́tà sì ni lẹ́tà, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n lè kọ òmíràn. Ìyàtọ̀ tó wà nínú èyí àti ti 2024 ni pé ti tẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ tó máa parí. Èyí ò ní. Tó bá jẹ́ èmi ni Mọ̀mí, ìgbà tí gbèdéke wà gan-an ni ọkàn mi balẹ̀ jù, torí mo lè ka ọ̀sẹ̀. Ní báyìí, ẹ máa ra ti ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún ra ti ọ̀sẹ̀ kan.

Ará Ìjẹ̀bú ní Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ló kù lọ́kàn mi. Ògógóró àti ṣẹ́pẹ́ tí wọ́n ń bù nínú jálá ńkọ́? Gbogbo ọgbọ́n ìwé tí ẹ sọ yìí, báwo ló ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ìyẹn?

Akọ̀wé Ọjà, Abẹ́òkúta

Kò lè dé ibẹ̀. Ohun tí kò ní nọ́ḿbà, kò sí ìwé tí wọ́n máa kọ̀ láti tún ṣe fún un. Ẹ rántí Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́dún 2015, níbi tí ògógóró tí methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, wà nínú rẹ̀ ti fọ́ àwọn èèyàn lójú, tó sì pa àwọn mìíràn. Ìjọba kéde pé àwọn fòfin de ògógóró lọ́dún yẹn. Lọ sí gaàréèjì èyíkéyìí lónìí, wàá rí i. Nígbà tí ọ̀rá bá kúrò lórí àtẹ, ọ̀dọ̀ oníjálá ni àwọn onímọ́tò tí Mọ̀mí ń sọ yẹn máa yà sí, mi ò sì tíì rí ibì kankan nínú gbogbo ètò ọdún méje yìí tí wọ́n ti dárúkọ oníjálá.