Bíréèkì jíìpù 2004 tó ń há: hóòsì ló wà nídìí ẹ̀

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè ìdí tí bíréèkì jíìpù mi fi ń há. Táyà iwájú ọ̀tún tí mo ní ó ń gbóná, tó sì ń jẹ páàdì bíréèkì tuntun, ti yanjú l'Ákùúrẹ́ níbí.

Hóòsì tí ẹ ní kí n yẹ̀ wò ni, ìyẹn ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì bíréèkì lọ sí kálípà (ohun tó ń tẹ páàdì mọ́ dísìkì, irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí). Nígbà tí táyà há, a tú ìdè òkè hóòsì: táyà kò yí. A wá tú nọ́ọ̀tì kékeré ẹ̀yìn kálípà: ọ́ìlì tú ṣàà, táyà yí wẹ́rẹ́. Hóòsì ti wú nínú. Ọ́ìlì ń wọlé, kò rọ́nà padà. Mo pààrọ̀ ti iwájú méjèèjì, a sì fi ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tuntun lé afẹ́fẹ́ jáde.

Píìnì tí kálípà ń rìn lórí rẹ̀, tí a fọ̀, tí a fi gíríìsì sílíkónì pa (gíríìsì lásán ń ba rọ́bà rẹ̀ jẹ́), dín bí páàdì ṣe ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan kù, kò dá ooru dúró.

Ó ku dísìkì: jíìpù ṣì ń gbọ̀n ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìdànrè. Bí dísìkì bá ti tín-ín-rín ju iye tí wọ́n kọ sí i lára lọ, pípààrọ̀ ni, kì í ṣe gbígbẹ́ ojú rẹ̀.