Ẹgbẹ́ ìrìn òwúrọ̀ fún àwọn tó fẹ́ fọn: kí la máa wọ̀n, kí la máa san, kí la máa jẹ?

Ará Òkè-Àdó:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwa mẹ́rìnlá ládùúgbò fẹ́ dá ẹgbẹ́ ìrìn òwúrọ̀ sílẹ̀ kí ara wa lè fúyẹ́. Ẹni tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 29, àgbà inú wa ti pé 63. Àwọn méjì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹnì kan ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Títì ọlọ́dà wà, pápá ilé ìwé náà sì wà nítòsí. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí kálukú dá ₦5,000, kí ẹni tó bá fọn jù láàárín oṣù mẹ́ta kó gbogbo rẹ̀. Àwọn kan tún ní ká máa lẹ kílò kálukú sórí WhatsApp lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀ tí orúnkún ò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu? Ṣé òótọ́ sì ni pé ká fi àlìkámà rọ́pò ẹ̀bà?

Kóòṣì Pápá:
Ẹ má fi owó lé kílò lórí o. Ibẹ̀ ni irú ẹgbẹ́ báyìí ti ń dàrú. Tó bá ku ọjọ́ méjì tí ẹ máa gun sikéèlì, àwọn kan á febi panú, wọn ò ní mu omi, àwọn mìíràn á lọ mu tíì tí wọ́n fi senna ṣe kí wọ́n lè máa yàgbẹ́. Sikéèlì á já wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ló lọ, ọ̀rá wà níbi tó wà. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó wọn 110 kílò máa ń tètè sọ mẹ́rin nù ju ẹni tó wọn 72 lọ, nítorí náà ìdíje yẹn ò dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ sanwó lórí wíwá. Kí akápò gba ₦5,000 lọ́wọ́ kálukú bíi ti àjọ. Ìrìn mẹ́rin lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12, jẹ́ ìgbà 48. Ẹni tó bá wá ó kéré tán ìgbà 40 gba owó rẹ̀ pé. Ẹni tí kò bá pé 40 gba ₦125 lórí ìgbà kọ̀ọ̀kan tó wá, kí ẹ fi ìyókù ra omi. Owó ìtanràn fún ẹni tó pẹ́ dé ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Tí gbèsè rẹ̀ bá ti di ẹgbẹ̀rún méjì, kò ní wá mọ́, kò sì ní gbé ìpè yín.

Ẹ pín ara yín sí mẹ́rin-mẹ́rin tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ wọn ṣe yá sí àti bí ilé wọn ṣe súnmọ́ra. Láàárín mẹ́rìnlá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ìwọ ò wá. Láàárín mẹ́ta, wọ́n á kan ilẹ̀kùn rẹ. Orí WhatsApp, ẹni tó wá nìkan ni kẹ́ ẹ máa kọ. Ọ̀rọ̀ kílò kò kan gbogbo ayé.

Ní ti ìrìn fúnra rẹ̀: ìṣẹ́jú 5 pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìṣẹ́jú 10 kíákíá, ìṣẹ́jú 5 pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ máa fi ìṣẹ́jú 5 kún apá kíákíá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí á fi pé 40 ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ìgbà mẹ́rin lọ́sẹ̀ á di ìṣẹ́jú 160; ìṣẹ́jú 150 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe, ó kéré tán. Kíákíá túmọ̀ sí pé ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹ ò lè kọrin. Ẹni tó bá ń dárin ò tíì yára tó.

Kò sí eré sísá lóṣù àkọ́kọ́, kò sì sí okùn fífò fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń dùn. Ẹ má wọ sílípáàsì wá. Tí egungun ojúgun bá ń dunni, a ti yára fi kún ìrìn nìyẹn, tàbí ọ̀dà ti le jù fẹ́sẹ̀: ẹ bọ́ sórí koríko pápá, kí ẹ dín ìrìn kù sí ìdajì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ìrìn, ẹ jókòó kí ẹ dìde lórí àga nígbà 10 láìfọwọ́ tì í, kí ẹ dúró kọjú sí ògiri, kí ẹ fọwọ́ tì í, kí ẹ sì ta ara yín sẹ́yìn nígbà 10. Ẹ ṣe méjèèjì yípo mẹ́ta. Ẹni tó bá kàn dín oúnjẹ kù láìṣe èyí, iṣan ara rẹ̀ náà á bá ọ̀rá lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Mo fara mọ́ ti Kóòṣì. Sikéèlì kan ṣoṣo ni kí gbogbo yín lò, lórí símẹ́ńtì, kì í ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì. Àárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, kí ẹ tó jẹun. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè mú kílò méjì lọ, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ló dáa. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń bọ̀ lè fi kílò kan sí méjì kún un, omi náà ni. Kó fi wé àkókò kan náà lóṣù tó kọjá, kó má fi wé ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ fi téèpù wọn àyíká ikùn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá mí síta. Tó bá ju 88 sẹ̀ǹtímítà lọ fún obìnrin, tàbí 102 fún ọkùnrin, ewu àrùn ọkàn àti ìtọ̀ ṣúgà pọ̀ gan-an.

Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà ló kàn mí jù. Tó bá jẹ́ insulin tàbí glibenclamide, kó má fi òfìfo inú rìn. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bọ̀, tí kò mọ ohun tó ń sọ mọ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti já nìyẹn: síbí tíì ṣúgà mẹ́ta sí mẹ́rin nínú omi, kó jókòó fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n tún un wò. Tí kò bá lè gbé e mì, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní mẹ́ta-mẹ́ta gbọ́dọ̀ mọ àpò tí ṣúgà náà wà. Àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ẹ rí dókítà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dá oògùn dúró. Tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín bá wà ní 180/110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jókòó sílé lọ́jọ́ náà kẹ́ ẹ pe dókítà.

Ìyá Olóúnjẹ:
Àlìkámà kọ́ ló ń mú kéèyàn fọn. Gààrí, èlùbọ́, ìyẹ̀fun àlìkámà àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, 100 gíráàmù gbígbẹ èyíkéyìí nínú wọn tó bíi kálórì 350. Àlìkámà tí wọn ò yọ èèpo rẹ̀ máa ń jẹ́ kéèyàn tètè yó, ìyẹn nìkan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn tó gbà pé kì í mú èèyàn sanra máa ń rò ó tó orí ọmọ. Òkèlè tó tó ìkúùkù ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ ni kẹ́ ẹ fi mọ, ohun yòówù kó jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni kẹ́ẹ̀gì epo. Síbí ìjẹun epo pupa kan tó kálórì 120, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí ìrìn kíákíá ìdajì wákàtí jó. Ẹ̀fọ́ rírò èèyàn mẹ́fà, síbí márùn-ún ti tó. Ẹ fi síbí wọ̀n ọ́n, ẹ má dojú kẹ́ẹ̀gì kọ ìkòkò. Tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀gúsí sí i, ẹ dín epo kù sí i, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ẹ̀gúsí ni òróró. Pọ̀nmọ́ nìkan ò tó fún iṣan ara. Ẹ fi ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà kún un.

Ẹ sì ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ máa rà lẹ́yìn ìrìn. Malt kan pẹ̀lú búrẹ́dì àti àkàrà lójú ọ̀nà ti dá gbogbo ohun tẹ́ ẹ jó padà. Omi ni.

Ará Òkè-Àdó:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Tí ẹnì kan bá ń wá déédéé, tí sikéèlì ò sì mira fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ńkọ́?

Ìyá Olóúnjẹ:
Kó kọ gbogbo ohun tó kan ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ Sátidé òde àríyá. Kó kọ ọbẹ̀ tó tọ́ wò lórí iná, ẹ̀pà ọwọ́ kan, àti àjẹkù ọmọ. Níbẹ̀ ló máa ń wà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Kó wo téèpù pẹ̀lú. Tí ikùn bá ń dín, ó ń fọn nìyẹn, kó máa bá a lọ. Tí méjèèjì ò bá yí padà, tí àkọsílẹ̀ oúnjẹ sì mọ́, kó mú àwọn oògùn tó ń lò lọ bá dókítà, torí àwọn kan wà tó ń mú èèyàn sanra. Insulin wà lára wọn.