Àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti pòórá lójú kọ̀ǹpútà mi, ẹ̀yin ará, kí ni ṣíṣe?

Ìyá Atẹ̀wé (Lágere, Ilé-Ifẹ̀):

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo ní ní Lágere níbí, níbi tí a ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn, tí a sì ń bá wọn tẹ èsì ìdánwò jáde. Xubuntu 22.04 (ẹ̀yà Linux kan tó fúyẹ́, tí a ń lò dípò Windows) ló wà lórí kọ̀ǹpútà tí mo ń lò, nítorí pé ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni, kò sì lágbára láti gbé ohun tó wúwo. Láti ọjọ́ Ajé ni àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó máa ń wà ní igun ọ̀tún lókè ti pòórá. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kò lọ: bí mo bá ti tan hotspot fóònù mi, kọ̀ǹpútà á dá so ara rẹ̀ mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ lo fóònù ọmọ mi, n kò rí ibi tí mo máa tẹ̀ kí n lè yan tirẹ̀. Lánàá, oníbàárà mẹ́ta ló dúró títí, nígbà tó sú wọn, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Mo ti pa ẹ̀rọ náà, mo tún un tàn, bákan náà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọ̀dọ́ Mayfair:

Ẹ kú ìnira, mà. Ẹ ṣí Terminal (ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), kí ẹ kọ `sudo apt install --reinstall network-manager-gnome` síbẹ̀. Inú rẹ̀ ni nm-applet wà, òun ló ń gbé àmì yẹn jáde. Bí ó bá parí, ẹ pa ẹ̀rọ náà kí ẹ sì tún un tàn.

Ìyá Atẹ̀wé:

Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Dátà bá a lọ, àmì kò padà.

Tíṣà Ìlódè:

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá wa. Ọ̀dọ́ Mayfair kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń po oògùn kí ó tó béèrè ibi tó ń dun aláìsàn. Ẹni mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ rò pé ẹnì kan ṣoṣo wà. NetworkManager ni òṣìṣẹ́ tó ń so ẹ̀rọ mọ́ Wi-Fi, ẹ̀yìn ló máa ń wà, a kì í rí i. nm-applet ni akéde tó ń fi ohun tí òṣìṣẹ́ náà ń ṣe hàn wá. Ẹ̀kẹta ni àga tí akéde náà ń jókòó sí lórí pánẹ́ẹ̀lì (ọ̀pá tó wà lókè ojú kọ̀ǹpútà yín); Status Tray Plugin ni Xfce, ètò tó ń gbé ojú Xubuntu kalẹ̀, ń pe àga náà. Níwọ̀n ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì yín ń ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Yálà akéde ni kò wá, tàbí wọ́n ti gbé àga kúrò.

Ẹ wo igun yẹn dáadáa: ṣé àmì Bluetooth ṣì wà níbẹ̀? Àga kan náà ni òun àti àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì jọ ń jókòó sí. Bí àwọn méjèèjì bá jọ lọ, àga ni ẹ máa wá. Bí Bluetooth bá wà, akéde ni kí ẹ wá.

Kí oníbàárà má baà tún lọ, ẹ kọ `nmcli device wifi list` sínú Terminal, ẹ ó rí orúkọ gbogbo Wi-Fi tó wà nítòsí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ `nmcli --ask device wifi connect`, kí ẹ fi orúkọ hotspot ọmọ yín sí ẹ̀yìn rẹ̀ láàárín àmì àyọlò. Ó máa béèrè páásíwọọ̀dù fúnra rẹ̀. Ẹ má kọ páásíwọọ̀dù mọ́ àṣẹ náà, nítorí pé Terminal máa ń tọ́jú ohun tí a bá kọ síbẹ̀, ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù sì ni tiyín, ọwọ́ tó ń kàn án pọ̀.

Ìyá Atẹ̀wé:

Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an. Hotspot ọmọ mi ti wọlé, mo sì ti tẹ ìwé ẹni méjì jáde. Òótọ́ ni, Bluetooth náà kò sí níbẹ̀. N kì í lò ó, ìdí nìyẹn tí n kò fi fura.

Tíṣà Ìlódè:

Wọ́n ti gbé àga kúrò nìyẹn. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máùsì tẹ ibi tó ṣófo lórí pánẹ́ẹ̀lì, ẹ yan Panel, lẹ́yìn náà Add New Items, kí ẹ wá Status Tray Plugin nínú ohun tó bá jáde, kí ẹ sì fi kún un.

Ìyá Atẹ̀wé:

Bluetooth ti dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé. Ṣé ilé mi ni wọ́n dojú ìjà kọ ni?

Tíṣà Ìlódè:

Ó jọ pé akéde náà kò wá. Ẹ kọ `pgrep -a nm-applet`. Bí kò bá fèsì kankan, ẹ kọ `nm-applet &`, kí ẹ sì wo òkè.

Ìyá Atẹ̀wé:

Kò fèsì. Mo kọ èkejì, àmì náà sì yọ lójú ẹsẹ̀! Inú mi dùn, mo pa ẹ̀rọ láti dán an wò, nígbà tí mo tún un tàn, ó tún ti lọ.

Tíṣà Ìlódè:

Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Session and Startup, kí ẹ ṣí Application Autostart. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó jẹ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ ó rí i pé ẹnì kan ti yọ àmì ✓ tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ dá a padà. Ibẹ̀ náà ni ìdí tí àṣẹ Ọ̀dọ́ Mayfair kò fi ṣiṣẹ́ wà: bí ẹnì kan bá yọ ọ́, inú `~/.config/autostart`, nínú fódà ẹni tó ni àkáǹtì náà, ni ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sí, apt (ohun èlò tó ń fi ètò sórí ẹ̀rọ) kì í sì í wọ ibẹ̀ bó ti wù kí a tún nǹkan fi sórí ẹ̀rọ tó. Ká ní ẹ ṣí àkáǹtì tuntun, tí ẹ fi wọlé, àmì náà ì bá yọ.

Ọmọ Ọbòkun (Iléṣà):

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i nítorí ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀. Ní tèmi, Debian (ẹ̀yà Linux mìíràn) ni mo ń lò. Akéde wà, àga wà, ṣùgbọ́n kò sí Wi-Fi kankan nínú ohun tó ń kéde. Nígbà tí mo kọ `nmcli device status`, unmanaged ló wà níwájú Wi-Fi, ìyẹn ni pé NetworkManager kò bójú tó o. Ìgbà tí mo ń fi Debian sórí ẹ̀rọ ni orúkọ Wi-Fi ti wọnú `/etc/network/interfaces`, NetworkManager kì í sì í fọwọ́ kan ohun tó bá wà níbẹ̀. Mo fi àmì # síwájú àwọn ìlà náà kí ẹ̀rọ má baà kà wọ́n mọ́, mo tún ẹ̀rọ tàn, ó parí.

Ìyá Atẹ̀wé:

Ó ti dúró, Tíṣà! Ọmọṣẹ́ mi ló jẹ́wọ́ pé òun wo fídíò kan tó ń kọ́ni bí kọ̀ǹpútà ṣe lè tètè tàn, ó sì ń yọ ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì wà níbẹ̀ báyìí, kò sí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kankan tó ṣí.

Tíṣà Ìlódè:

Ohun tí àmì yẹn ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà ti so mọ́ fóònù. Ẹ wo dátà fóònù náà.

Ìyá Atẹ̀wé:

Ó ti tán. Mo ti rán ọmọṣẹ́ náà kó lọ fi owó ara rẹ̀ rà á.