Gate kéékèèké ń yọ lórí gbogbo contact nínú KLayout: ṣé layer map mi ló fà á?

Bódìjà_Analog
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn tó ń ya chip. SKY130 (ìlànà ṣíṣe chip 130 nm ti SkyWater) ni mo ń lò, KLayout (sọ́fítíwíà àwòrán chip) ni mo fi ń ṣí GDS (fáìlì àwòrán chip) rẹ̀. Inverter lásán ni: nfet kan, pfet kan (tránsísítọ̀ irú n àti irú p). Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣírò diff & poly, ìyẹn ibi tí ìpele diff (tó ń di source àti drain) àti ìpele poly (tó ń di gate) ti gun ara wọn, yàtọ̀ sí gate méjì tí mo yà, onígun mẹ́rin kéékèèké ń yọ lórí source àti drain. Met1 àti met2 (ìpele wáyà irin kìíní àti ìkejì) náà kò so pọ̀, bẹ́ẹ̀ via (ihò tó ń so wọ́n) wà níbẹ̀. Map tí mo fi ka fáìlì nìyí:

65/* : 65/20
66/* : 66/20
67/* : 67/20
68/* : 68/20
69/* : 69/20

Mo ti tún orúkọ àti àwọ̀ ṣe nínú .lyp (fáìlì tí KLayout fi ń tọ́jú orúkọ àti àwọ̀ ìpele), kò tu irun kankan lára ẹ̀. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Alágbẹ̀dẹ_Sílíkónì
Àbúrò, ìràwọ̀ (*) inú map rẹ yẹn ni: gbogbo datatype ló ń kó pọ̀. Nọ́ńbà méjì ni GDS fi ń dá ìpele mọ̀, layer àti datatype, kò sì gbé orúkọ kankan. Ní SKY130, poly ni 66/20, ṣùgbọ́n licon1 ni 66/44, ìyẹn contact tó ń so li1 (ìpele wáyà tó wà nísàlẹ̀ met1) mọ́ poly tàbí mọ́ diff nísàlẹ̀. O ti po méjèèjì pọ̀ bí àbùlà. Àbùlà dùn lórí àmàlà, kò dáa nínú GDS. Gbogbo licon tó wà lórí diff ti di poly, ìdí nìyẹn tí diff & poly fi ń rí gate níbẹ̀. Fi rula wọn ọ̀kan wò: wàá bá 0.17 × 0.17 µm, ìwọ̀n licon gan-an.

Ti via burú jù, torí ojú kì í rí i. 68/44 ni via tó wà láàárín met1 àti met2. Met1 ti bò ó tẹ́lẹ̀, nítorí náà nígbà tó rì sínú met1, àwòrán kò yí padà, ṣùgbọ́n ìpele via ṣófo, kò sí ohun tí connect (àṣẹ tí KLayout fi ń so ìpele pọ̀) máa fi so wọ́n. Mcon (67/44), tó ń so li1 mọ́ met1, náà ti bá li1 lọ, tap (65/44), ibi tí a ti ń so well àti substrate mọ́ iná, sì ti di diff.

Ká sòótọ́, o ò nílò map rárá níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà kò yí padà. Pa á rẹ́. Bí o bá sì gbọ́dọ̀ lò ó, kọ ìpele kọ̀ọ̀kan tòun ti datatype rẹ̀, kí o má sì gbàgbé nsdm (93/44) àti psdm (94/20), tó ń sọ diff wo ni irú n, èwo ni irú p. Ìpele tí kò sí nínú map, bí o kò bá fàyè gbà á kí ó ka àwọn ìpele yòókù, KLayout á jù ú nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọ̀ ojú lásán ni .lyp, kò kan ìṣirò.

Mọ́kọ́lá_DRC
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà sí nọ́ńbà nìkan nìyẹn. Kò sí mask (ìpele tí a fi ń tẹ chip) tó ń jẹ́ ndiff (diff irú n) nínú SKY130. Diff kan ṣoṣo ló wà. Nsdm, psdm àti nwell (àgbègbè irú n tí pfet ń wà nínú rẹ̀) ló ń sọ irú èyí tó jẹ́. Ṣe ni kí o ṣírò ìyókù nínú script DRC ti KLayout, tí a fi èdè Ruby kọ:

diff = input(65, 20)
tap = input(65, 44)
poly = input(66, 20)
nwell = input(64, 20)
nsdm = input(93, 44)
psdm = input(94, 20)

nact = (diff & nsdm) - nwell
pact = (diff & psdm) & nwell
ngate = nact & poly
pgate = pact & poly
nsd = nact - poly
psd = pact - poly
ntap = (tap & nsdm) & nwell
ptap = (tap & psdm) - nwell

Má fo "- poly" yẹn. Bí o bá fi nact ṣe source àti drain bó ṣe wà, diff náà gba abẹ́ gate kọjá, méjèèjì á sì di wáyà kan. Má sì fi àkámọ́ ṣahun: nínú Ruby, + àti - ń ṣáájú &. Bí o bá kọ a & b + c, a & (b + c) ni yóò ṣe.

Orúkọ wáyà ńkọ́? Lórí met1, 68/5 ni label, 68/16 ni pin. Fi labels(68, 5) gbé e, kí o wá so ó mọ́ met1 pẹ̀lú connect.

Bódìjà_Analog
Ó ti bọ́ sí i! Gate méjì péré, met1 àti met2 ti so. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ fi Magic (sọ́fítíwíà àwòrán chip mìíràn) ṣí i, ṣé map kan náà ni?

Alágbẹ̀dẹ_Sílíkónì
Rárá o. Magic kì í tọ́jú mask bó ṣe wà. Bí o bá kun poly lórí ndiff, òun fúnra rẹ̀ á sọ ibẹ̀ di tránsísítọ̀. Irú ìṣirò tí Mọ́kọ́lá kọ yìí ló wà nínú tech file rẹ̀: cifinput fún kíkà, cifoutput fún kíkọ. Tó bá ń kọ GDS, ndiff kan á di diff àti nsdm lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tún contact gé fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí GDS bá ti inú Magic jáde, ẹ fi strmxor, irinṣẹ́ KLayout tó ń fi ìyàtọ̀ GDS méjì hàn, wé e mọ́ ti àkọ́kọ́:

strmxor atijo.gds tuntun.gds

Bí ìyàtọ̀ bá wà lórí 93/44 tàbí 94/20 nìkan, ẹ wo etí rẹ̀ dáadáa, ó lè jẹ́ pé Magic kàn fẹ̀ ẹ́ ju bí ẹ ṣe yà á lọ. Ṣùgbọ́n tó bá wà lórí 66/20, ẹ dá iṣẹ́ dúró.